Bàrùbá kọ́ lorúkọ ọkùnrin yẹn

Olóòtú mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka ohun tẹ́ ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa orúkọ tí òyìnbó fún àwọn èèyàn ilẹ̀ Áfíríkà, ó dùn mọ́ mi, àmọ́ òyìnbó nìkan lẹ dá lẹ́bi, ibẹ̀ ni mi ò ti gbà fún yín.

Lóòótọ́ wọ́n ṣe é fún wa. Àwọn èèyàn wa tí ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹrú, tí wọ́n já wọn sílẹ̀ ní Freetown ní Sierra Leone, tí ilẹ̀ bá mọ́ ẹ kú àárọ̀, tí oòrùn bá mú ẹ kú oòrùn, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ewu, làwọn tó ń gbọ́ wọn bá ní Aku lorúkọ wọn. Ká kí èèyàn, kó fi ìkíni sọni lórúkọ! Àwọn kan ṣì ń jẹ́ Aku ní Gambia títí dòní.

Yorùbá tá à ń jẹ́ yìí ńkọ́? Ahmad Baba, ààfáà ńlá ìlú Timbuktu, ti dárúkọ náà sínú ìwé ní nǹkan bí 1615, Haúsá ní tiwọn ń pè wá ní Yarabawa, ará Ọ̀yọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń pè kó tó di pé Àjàyí Crowther àtàwọn míṣọ́nnárì fi kárí gbogbo wa, 1843 ni ìwé ọ̀rọ̀ tí Crowther kọ jáde. Ìyá bàbá mi, ọmọ Àjàṣẹ́-Ìpo, tẹ́ ẹ bá bi í pé ọmọ ibo ni, Ìgbómìnà ló máa sọ.

Àmọ́ àwa náà ò dáa o. Nupe ni Nupe ń pe ara wọn, Tápà là ń pè wọ́n. Ọkùnrin kan ń ta iṣu lẹ́bàá Ọjà Ọba níbí, ará Òkúta ní Baruten ní ìpínlẹ̀ Kwara wa yìí, ọdún mẹ́ta ni mo fi ń pè é ní "Bàrùbá, èló ni?" Lọ́jọ́ kan ó ń to iṣu sínú bọ́ọ̀tù mọ́tò mi, kò tiẹ̀ wo ojú mi, ó ní, "Àlàájà, Baatonu ni mí. Tá a bá pọ̀, Baatombu." Ojú tì mí, mo bẹ̀ ẹ́, ó rẹ́rìn-ín, ó wá fi igba náírà lé owó iṣu (owó orúkọ nìyẹn, àbí).

Gàmbàrí ní tiẹ̀ ti di oyè nílùú wa, Balógun Gàmbàrí, ìyẹn ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìròyìn yín lórí iṣu Baruten, ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ kọ "àwọn Bàrùbá", mo fi bírò yí gbogbo ẹ̀ po, mo fẹ́ gbé e lọ fún ọkùnrin yẹn kó rí i, mo wá rántí igba náírà yẹn, ni mo bá jókòó kọ lẹ́tà yìí sí yín.

Àlàájà kan, Ìlọrin