Ẹ yẹ iná àti wáyà wò kẹ́ ẹ tó ní kámẹ́rà ti kú

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ńlá o. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dùn mí lọ́kàn tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi gbé jáde, ìyẹn ọ̀rọ̀ kámẹ́rà tá a fi ń ṣọ́ ilé. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ká ra kámẹ́rà, ká gbé kan síwájú ilé, ká gbé òmíì sẹ́yìn, ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá ṣíwọ́ iṣẹ́ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń sọ ìyẹn fún ẹni tó rà á. Ohun tó wá ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á pe ẹni tó ń tún un ṣe, ìyẹn á dúró nílẹ̀ á wò ó lókè, á ní "èyí ti kú, ẹ lọ ra òmíràn", wọ́n á ra òmíràn, wọ́n á so ó mọ́ wáyà tí ti tẹ́lẹ̀ ń lò, kò ní pẹ́ tuntun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí ti àkọ́kọ́ ń ṣe. Ó máa ń ká mi lára gan-an ni, torí lọ́pọ̀ ìgbà kò sóhun tó ṣe kámẹ́rà yẹn, iná tó ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni ò tó.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú ẹ̀ ni kámẹ́rà tó ń ṣe dáadáa látàárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́, tílẹ̀ bá ti ṣú báyìí ó lọ, ó dé, ó lọ, ó dé, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ má sọ pé ó ti kú. Tílẹ̀ bá ṣú, kámẹ́rà máa ń tan àwọn iná wẹ́wẹ́ tó yí ojú ẹ̀ ká, iná infrared tójú àwa èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ rí, iná yẹn sì ń jẹ iná gan-an. Kámẹ́rà tó ń jẹ ámpù 0.2 lọ́sàn-án (ámpù la fi ń wọn iná tó ń ṣàn) lè máa jẹ 0.5 lóru. Tí wáyà bá wá tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì jìn, bí omi tó ń gba inú ọ̀pá tóóró kọjá ni, èyí tó máa dé òdìkejì ò ní lágbára mọ́. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀ wò. Ká ní wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì oní-24 AWG (nọ́ńbà tó ń sọ bí wáyà ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó) ni wọ́n fi gbé iná lọ, tó jẹ́ mítà 30 láti ìdí àdápítọ̀, ìyẹn àpótí kékeré tó ń sọ iná sọ́kẹ́ẹ̀tì di fóltì 12, dé ìdí kámẹ́rà, tó sì jẹ́ ẹyọ méjì péré ni wọ́n lò nínú àwọn wáyà wẹ́wẹ́ inú ẹ̀, àlọ àtàbọ̀ ẹ̀ jẹ́ mítà 60, ìyẹn nìkan ti tó nǹkan bí óòmù 5 (óòmù la fi ń wọn bí wáyà ṣe ń dí iná lọ́nà tó), ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ámpù tí kámẹ́rà ń jẹ, ẹ máa rí fóltì tó ń sọnù. Lọ́sàn-án, nínú fóltì 12, fóltì 1 péré ló máa sọnù sójú ọ̀nà, 11 á dé ọ̀dọ̀ kámẹ́rà, á máa bá iṣẹ́ lọ. Lóru, 2.5 ló máa sọnù, ó ku 9.5, kámẹ́rà á kú á tún tan, bó bá tan, iná alẹ́ á tún tan, á tún kú. Tó bá wá jẹ́ wáyà alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò lára nìkan, ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ tẹ́ ò bá họ ara ẹ̀ ẹ ò ní mọ̀.

Torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi míta wọn fóltì, ìdí kámẹ́rà ni kẹ́ ẹ ti wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ìdí àdápítọ̀, kí kámẹ́rà sì wà lórí iná, kẹ́ ẹ fi nǹkan bo ojú ẹ̀ kó lè rò pé ilẹ̀ ti ṣú. Àdápítọ̀ tó ti ń kú lọ lè gbé 12 gééré fún yín nígbà tí kò sí ẹrù lórí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá wá so kámẹ́rà mọ́ ọn á já wá sí 8 tàbí 9, torí kàpásítọ̀ inú ẹ̀, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó ń tọ́jú iná pa mọ́, ti wú tàbí ó ti gbẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú àdápítọ̀ o! Iná ńlá ló ń wọnú ẹ̀, ó sì lè ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ ọ́ kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀ lódindi. Wáyà ńkọ́, ẹyọ tí wọn ò lò nínú ẹ̀, ẹ so ó pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n ń lò, méjì lọ méjì bọ̀, ohun tó ń sọnù á dín sí ìdajì.

Tẹ́ ò bá ní míta rárá, ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn jù. Ẹ sọ kámẹ́rà kalẹ̀, ẹ gbé e wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ́kọ́dà, ìyẹn àpótí tó ń gba àwòrán kámẹ́rà sílẹ̀, ẹ fi wáyà kúkúrú so ó, ẹ fi àdápítọ̀ kámẹ́rà tó ń ṣiṣẹ́ gbé iná fún un. Tí àwòrán bá jáde, kámẹ́rà ò jẹ̀bi, ẹ padà sídìí wáyà. Tí ò bá jáde, ẹ gbé e sójú ihò míì lára rẹ́kọ́dà, kẹ́ ẹ sì fi kámẹ́rà tó dáa sójú ihò tí wọ́n ń fura sí, torí tí àrá bá sán, ó lè jẹ́ ihò kan ṣoṣo ló máa bà jẹ́, àwọn tó kù á máa ṣiṣẹ́ bíi pé nǹkan kan ò ṣe. Èyí tó ń gba iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú wáyà kan náà, ìyẹn PoE, bákan náà lẹ máa ṣe é, kẹ́ ẹ sì rántí pé wáyà ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju mítà 100 lọ. Ti Wi-Fi tó ń lo fóltì 5, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ okùn USB ẹ̀, àwọn okùn gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ń fìyà jẹ ẹ́.

Ẹ tún wo ojúkò tí wọ́n ti so wáyà pọ̀ níta. Tí òjò bá ti ń rọ̀ sí i, kọ́pà inú ẹ̀ á ti yí padà sí àwọ̀ ewé, ẹ gé e dànù, ẹ tún un so, ẹ fi í sínú àpótí tómi ò lè wọ̀.

Àwòrán fúnra ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ téèyàn bá fara balẹ̀. Tí gbogbo nǹkan bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú lọ́sàn-án, tí ewé igi ń rí bí òdòdó, dígí kékeré tó máa ń dí infrared lójú kámẹ́rà ló há, ẹ bo ojú ẹ̀, ẹ ṣí i, ó yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ kó dún "kẹ́", tẹ́ ò bá gbọ́ ibẹ̀ ló wà. Tó bá ń funfun kuruku lóru nìkan, okùn aláǹtakùn tàbí ìdọ̀tí ojú dígí ni, ẹ nù ún ná kẹ́ ẹ tó náwó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá iná alẹ́ ń tàn, ẹ fi kámẹ́rà iwájú fóònù wò ó nínú òkùnkùn, lọ́pọ̀ ìgbà ẹ máa rí i tó ń tàn.

Ó wá ku èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù. Àwòrán ń jáde gere lójú tẹlifíṣọ̀n, gbogbo ilé fọkàn balẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé kò sóhun tó ń gbà sílẹ̀ látọjọ́ pípẹ́. Háàdì dísíìkì ti ń dún kọ́kọ́kọ́ nínú rẹ́kọ́dà, tàbí mẹ́mọ́rì káàdì ti gbó torí ojoojúmọ́ ló ń kọ tó ń pa rẹ́, àwọn káàdì míì tí wọ́n bá ti gbó kàn máa ń kọ̀ láti gba nǹkan tuntun ni, tí wọ́n á ṣì máa fi ti àtijọ́ hàn. Ẹ máa dá ohun tó gbà sílẹ̀ padà sẹ́yìn wò látìgbàdégbà, kó má jẹ́ pé ọjọ́ tólè bá wá lẹ máa tó mọ̀. Tí aago rẹ́kọ́dà bá sì ń padà sí ọdún àtijọ́ nígbàkígbà tíná bá lọ, bátìrì pẹlẹbẹ inú ẹ̀ ni, CR2032 ló sábà máa ń jẹ́.

Kámẹ́rà tí fóltì 12 dé ìdí ẹ̀ pẹ̀lú wáyà kúkúrú lójú ihò tó dáa, tí ò tanná tí ara ẹ̀ ò tiẹ̀ lọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ̀yin náà ẹ gbà pé ìyẹn ti lọ, ẹ ra òmíràn.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kẹ́ ẹ fàyè sílẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín fún irú ọ̀rọ̀ àtúnṣe báyìí, kí àwọn tó mọṣẹ́ máa dáhùn ìbéèrè àwọn òǹkàwé níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń fi kámẹ́rà sílé onílé, mo bẹ̀ yín, ẹ fi ohun tí míta yín kà han oníbàárà nídìí kámẹ́rà kẹ́ ẹ tó ní kó lọ ra òmíràn.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín