Ẹni tó wà lẹ́yìn mọ́tò tó dúró ló ń gbá wa ní Sábó

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí síta, ó ti ń ká mi lára jù. Télọ̀ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí títì ní Sábó, Ìkòròdú níbí, ìdí maṣíìnì ni mo wà láàárọ̀ Mọ́ńdè tó kọjá tí ọ̀rọ̀ yìí fi ṣojú mi.

Ìyá àgbà kan gbé abọ́ ẹja yíyan lérí, wọ́n dúró létí sébírà, ìlà funfun tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà sọdá títì, ìyẹn èyí tó ṣẹ́kù nínú ẹ̀ o, torí ọ̀dà funfun yẹn ti pa rẹ́, ó kù bí ìgbà tí wọ́n fi ẹfun ha ilẹ̀. Wọ́n nawọ́, wọ́n gbẹ́sẹ̀, wọ́n fà á padà, ẹ̀ẹ̀mẹta. Nígbà tó yá onímọ́tò kan ṣàánú wọn, ó dúró. Màmá bọ́ sí títì, bàbá kan tó máa ń fi kẹ̀kẹ́ ológeere pín búrẹ́dì náà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ wọn tẹ̀lé màmá. Àfi gbàgà! Kòròpé kan tó wà lẹ́yìn onímọ́tò yẹn ò tiẹ̀ bi ara ẹ̀ pé kí ló dá tọ̀hún dúró, ó ya ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó gbá táyà iwájú kẹ̀kẹ́ bàbá, búrẹ́dì fọ́n sínú gọ́tà, rímù ká bíi nọ́ńbà 8. Kò dúró. Màmá kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, abọ́ ẹja ṣì wà lérí wọn.

Ibi tí wàhálà wà gan-an nìyẹn, mọ́tò àkọ́kọ́ á dúró, á sì dí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lójú, kò ní rí ẹlẹ́sẹ̀ títí á fi dé orí ẹ̀. Mọ́tò tó bá ń sá kìlómítà 50 ní wákàtí kan á ti rin mítà 14 ní sẹ́kọ́ǹdù kan péré kí dírẹ́bà tó rántí búrẹ́kì, tó bá jẹ́ 30 ló ń sá, mítà 8 ni.

Ẹ tún wo àwọn ọmọ iléèwé. A kọ́ wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ wo òsì, torí láti 1972 tí Nàìjíríà ti bọ́ sápá ọ̀tún títì, ọwọ́ òsì ni mọ́tò tó sún mọ́ wọn jù ti ń bọ̀. Ó dáa, ọ̀kadà tó ń gba ọ̀nà òdì (one-way) bọ̀ láti ọ̀tún ńkọ́?

Àwọn kan á ní ṣebí bíríìjì ẹlẹ́sẹ̀ wà. Òótọ́ ni, wọ́n ṣe é sójú ọ̀nà bọ́ọ̀sì BRT láti Mile 12 wá síbí, èmi náà máa ń gùn ún. Ṣùgbọ́n ìyá tí orókún ń dùn ò lè ru abọ́ gun àtẹ̀gùn yẹn, oníkẹ̀kẹ́ náà ò lè gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká.

Mo bẹ àwọn tó ń bójú tó títì, kí wọ́n kun sébírà yẹn padà, kí wọ́n ṣe bọ́ńpù ṣáájú ẹ̀, kí wọ́n sì fa ìlà tí mọ́tò á ti dúró sẹ́yìn dáadáa kí ẹni tó wà ní léènì kejì lè rí ẹni tó ń kọjá. Iná alẹ́ náà o. Ẹ̀yin dírẹ́bà wa, tí mọ́tò iwájú yín bá dúró níbi sébírà, ẹ má ya á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró náà.

Bàbá oníbúrẹ́dì ti ra rímù tòkúnbọ̀. Lánàá, aago méje ku díẹ̀, mo tún rí wọn létí sébírà yẹn, wọ́n fọwọ́ kan di kẹ̀kẹ́ mú, wọ́n na ìkejì, mọ́tò ò dúró.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Télọ̀, Sábó, Ìkòròdú