Ẹnu mẹ́tàdínlógún, ọmú mẹ́tàlá

Kuje, Àbújá
Ọjọ́ Àìkú, nínú ọyẹ́

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Má bínú pé láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti rí iṣẹ́ tí o rán sórí fóònù mi, tí mi ò dá ẹ lóhùn. O ní, "Mẹ́tàdínlógún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Ìwọ ti di olówó nìyẹn." Mo rẹ́rìn-ín, mo sì ju fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi méjèèjì nígbà yẹn. Ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ, bẹ́ẹ̀ ni màmá mi máa ń wí. Mo ti wá mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ èèyàn nìkan ni òwe yẹn ń bá wí.

Jẹ́ kí n ròyìn fún ẹ. Abo funfun ńlá tí mò ń pè ní Ìyálọ́jà, tí mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ lọ́jọ́sí, òun ló bí. Oṣù mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ọjọ́ mẹ́ta loyún ẹlẹ́dẹ̀, òun náà kò sì yẹ̀ ẹ́. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ Ọjọ́rú ni àkọ́kọ́ já bọ́. Nígbà tí ibi máa fi jáde, aago méjì òru ti kọjá. Mẹ́tàdínlógún ló wà láàyè, ọ̀kan kú sínú. Mo wá ka ọmú. Mẹ́rìnlá ni ọmú Ìyálọ́jà, ọ̀kan nínú wọn sì ti fọ́jú látìgbà tó ti kọ́kọ́ bímọ. Ìwọ náà ṣírò ẹ̀.

Mo gbé ìwọ̀n tí mo fi ń wọn ìyẹ̀fun kéèkì wá, mo tẹ́ ọ̀rá lé e. Àwọn tó tóbi wọn kílò kan àtààbọ̀. Márùn-ún ò tó kílò kan. Èyí tó kéré jù wọn 640 gíráàmù. Kò tó ìlàjì mudu ìrẹsì. Ó yẹ kó o rí i, Àbẹ̀kẹ́. Iwájú orí rẹ̀ yọ gọngọ, ẹyinjú rẹ̀ yọ síta, irun ara rẹ̀ dúró láìtẹ̀ síbì kan, awọ itan rẹ̀ sì hunjọ bí ìbọ̀sẹ̀ tó ti gbó. Dókítà ẹran ṣàlàyé fún mi lórí fóònù pé àyè ló há jù nínú ilé ọmọ. Tí oúnjẹ tó ń gba ìwọ́ wọlé kò bá tó, orí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbà là, ara yòókù á wá máa jìyà. Kì í ṣe pé mi ò bọ́ ìyá wọn. Bí mo bá tiẹ̀ rọ àpò oúnjẹ kan sílẹ̀ fún un ní oṣù tó kẹ́yìn, àyè tó há kò ní torí ìyẹn fẹ̀.

Ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ò sì rí bí ọmọ wa. Ọmọ tiwa ti gba ohun tó ń bá àìsàn jà lára ìyá rẹ̀ láti inú oyún. Tiwọn kì í gba nǹkan kan. Inú wàrà ọjọ́ kìíní nìkan ló wà, èyí tó ki, tó pọ́n díẹ̀ yẹn. Tó bá sì fi máa di bíi wákàtí mẹ́rìnlélógún, ìfun wọn á ti ti ilẹ̀kùn: wọ́n lè mu ún o, àmọ́ kò ní wọnú ẹ̀jẹ̀ mọ́. Wọn ò tún lọ́ràá lára. Ìwọ̀nba agbára tó wà ní ìpamọ́ nínú ẹ̀dọ̀ wọn kì í pé ọjọ́ kan tó fi ń tán, tí òtútù bá sì mú wọn, kíá ni.

Dókítà yẹn bá mi ṣe ìṣirò kan tí mi ò lè gbàgbé. Ọmọ kọ̀ọ̀kan nílò bíi 200 gíráàmù wàrà yìí lọ́jọ́ kìíní; tó bá tó 250, ó dáa jù. Abo á pèsè bíi 3,500 sí 4,000, ìbáà bí mẹ́jọ, ìbáà bí ogún. Kì í torí pé ọmọ pọ̀ kó fi kún un. Mẹ́tàdínlógún lọ́nà igba jẹ́ 3,400. Mo ní, "Dókítà, ó tó nìyẹn!" Ó ní, "Ó tó, bí a bá pín in dọ́gba." Ta ní í pín in dọ́gba? Kí ẹni tí ò lágbára tó rí orí ọmú dì mú, alágbára ti mu ìlọ́po méjì tirẹ̀. Iṣẹ́ mi lóru yẹn ò ju kí n máa pín wàrà bí ẹni ń pín ogún.

Mo mú máákà, mo fàlà sẹ́yìn àwọn mẹ́jọ tó tóbi jù, tí ikùn wọn ti yọ dáadáa. Mo kó wọn sínú páálí pẹ̀lú ike omi gbígbóná tí mo fi aṣọ wé, mo wá fi ọmú sílẹ̀ fún àwọn wẹ́ẹ́rẹ́ fún wákàtí kan. Lẹ́yìn ìyẹn, mo dá àwọn ńlá padà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe títí ilẹ̀ fi mọ́. Àwọn tí ò lè dì mọ́ ọmú, mo fún wàrà ìyá wọn sínú ife (nígbà tí abo bá ń rọbí lọ́wọ́, wàrà ń ṣàn fúnra rẹ̀ ni, tó bá bímọ tán, ó lè tó ogójì ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kó tó sọ ọ́ kalẹ̀, kò sì ní ju ogún ìṣẹ́jú-àáyá lọ). Mo wá fi sírínjì fún wọn ní mílílítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Kí n tó fún èyíkéyìí, mo á ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Tí ẹnu bá móoru tó sì fa ìka, mo fún un. Tí ẹnu bá tutù bí òkúta, ooru ló kọ́kọ́ nílò, torí wàrà tí o bá dà sẹ́nu ọmọ tí ò lè gbé e mì, ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. NEPA sì ti mú iná lọ láago mọ́kànlá, gílóòbù tí mo so kọ́ di ọ̀ṣọ́ lásán. O mọ ọyẹ́ Àbújá: ọ̀sán á jó ẹ, ìdájí á gbọ̀n ẹ́. Ìta ni mo gbé àdògán sí, mo fi ń se omi tí mò ń rọ sínú ike; mi ò jẹ́ gbé èédú wọlé tọ ohun tó ń mí.

Ṣé mo sọ ti ọdún tó kọjá fún ẹ? Ojú máa ń tì mí. Abo kan bí, àwọn kéékèèké ń ké, mo bá po mílíìkì oníyẹ̀fun, mo sì bu ṣúgà sí i dáadáa, bí a ṣe ń po ògì fún ọmọ. Wọ́n mu ún tìdùnnútìdùnnú. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìgbẹ́ gbuuru ti bẹ̀rẹ̀, mẹ́rin sì kú. Àṣé ìfun ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò ní ohun tó ń fọ́ ṣúgà tí à ń fi mu tíì. Ṣúgà inú wàrà fúnra rẹ̀ kò ṣe é ní nǹkan, glúkóòsì náà kò ṣe é ní nǹkan; ṣúgà tíì yẹn ló ń pa á. Dókítà bi mí pé ta ló kọ́ mi. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, àánú ni.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní kí obìnrin Fúlàní tó ń gbé nọ́nò kọjá láràárọ̀ bá mi mú màdárà wá, wàrà tí kò tíì kan. Mo sọ fún un pé ẹran tí ọmú ìyá wọn ò ká wọn ló fẹ́ mu ún. Ó bú sẹ́rìn-ín, kò bi mí pé ẹran wo. Mo sè é, mo jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìyẹn ni mo fi ń kún ọwọ́ wọn láti ọjọ́ kejì, ní díẹ̀díẹ̀, léraléra. Kò lè rọ́pò ti ìyá wọn o. Ọ̀rá inú wàrà ẹlẹ́dẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti màlúù. Ẹnìkan ní kí n máa kán àdí àgbọn sí i. Mo kán an. Mi ò rí i pé ó ṣe bẹbẹ.

Ní àárọ̀ Ẹtì mo kó márùn-ún lọ fún Àdùkẹ́, abo mi kejì, tó bí mẹ́jọ péré lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ọmọkùnrin Gbagyi tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ti ń ṣa àwọn kéékèèké kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo ní rárá, àwọn tó tóbi jù ni kó kó. Ó wò mí bí ẹni tí orí ń yí. Tí o bá gbé ẹni tí ò lókun lọ bá àwọn tó ti fi ọjọ́ mẹ́ta pín ọmú láàárín ara wọn, ibo ló máa dúró? Mo kọ́kọ́ kó wọn pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ Àdùkẹ́ sínú páálí kan náà fún ìgbà díẹ̀ kí òórùn wọn lè dàpọ̀. Àdùkẹ́ gbóòórùn wọn, ó hùn díẹ̀, ó dùbúlẹ̀.

Méjì ti lọ, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Ìyálọ́jà sùn lé ọ̀kan ní Ọjọ́bọ̀, ọmọ náà ti sá sún mọ́ ọn nítorí òtútù. Èyí tó wọn 640 kú ní ìdájí Ẹtì, nínú aṣọ ìbora Tóbi. Ọkọ mi ní ṣebí òun ti sọ fún mi kí n fi í sílẹ̀ látìgbà tí mo ti wọ̀n ọ́n. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ ló sọ. Oúnjẹ ẹran wọ́n, dúsà, ìyẹn èèrí ọkà, gan-an ti gbówó lórí, mi ò sì rò pé mo lè fi òru mẹ́ta ṣọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà lọ́dún. Bí wọ́n bá fi mí sílẹ̀ kí n yàn, ọmọ méjìlá tó ṣe dọ́gba tẹ́ mi lọ́rùn.

Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù báyìí, mẹ́wàá sì ni ọ̀dọ̀ Ìyálọ́jà. Àná ni wọ́n gba abẹ́rẹ́ iron, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, torí orí sìmẹ́ńtì ni wọ́n wà, wọn ò rí erùpẹ̀ jẹ, èyí tó wà nínú wàrà kò sì tó ìdá márùn-ún ohun tí wọ́n nílò lójúmọ́. Dókítà pín ti àwọn kéékèèké sí ẹ̀ẹ̀mejì.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ rèé. Nígbà tí o bá ń bọ̀ nílé lóṣù Ẹrẹ́nà, bá mi ra rọ́bà tín-ín-rín tí wọ́n fi ń fún ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé lóúnjẹ ní ọsibítù yín. Dókítà ti fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń lò ó, àmọ́ ẹyọ kan ló ní. Mẹ́wàá tó mi. Má bi àwọn tó ń tà á bóyá wọ́n lè lò ó fún ẹlẹ́dẹ̀ o, kí wọ́n má baà máa wò ẹ́ bákan.

Kí àwọn ọmọ fún mi. Bí mo ṣe ń kọ èyí, èyí tó wọn 710 ti fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣe àpótí, ó gun orí rẹ̀ kó lè dé ọmú òkè.

Èmi ni tìrẹ,
Ìyá Tóbi