Ojú lọ̀rọ̀ wà: lẹ́tà sí àbúrò mi tó di rẹfirí

Àkànní, àbúrò mi àtàtà,

Nígbà tó o pè mí lálẹ́ Ọjọ́rú pé ìwé àṣẹ rẹ ti jáde, pé Sátidé tó ń bọ̀ ni wàá kọ́kọ́ wọ àárín okùn gẹ́gẹ́ bíi rẹfirí ìjà ẹ̀ṣẹ́, mo kí ẹ kú oríire, mo sì tètè gé fóònù. O rò pé iṣẹ́ ló pè mí. Omijé ló ti ń bọ́ lójú mi. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti fi pa mọ́ fún ẹ láti nǹkan bí ọdún 11.

Ṣé o rántí ìjà rẹ tó kẹ́yìn ní Rowe Park, Yaba? Ọmọ Ajégúnlẹ̀ yẹn ti ká ẹ mọ́ okùn, ẹ̀ṣẹ́ ń bà ẹ́ lọ́tùn-ún lósì, o ò sì ṣubú. Rẹfirí bọ́ sáàárín yín, ó gbá ẹ mọ́ra, ó ju ọwọ́ sókè pé ó parí. O já ara rẹ gbà, o bú u. Èrò ń hó lé e lórí, àwa ẹbí rẹ náà wà níbẹ̀ tá à ń hó. Odindi oṣù mẹ́ta lo fi ń sọ pé ó rẹ́ ẹ jẹ. Ohun tó ò mọ̀ ni pé mo lọ dúró de bàbá yẹn lẹ́nu géètì. Mo kúnlẹ̀ fún un, mo ní, "Ẹ ṣé, sà, ẹ bá wa dá ọmọ wa padà sílé." Ó ní kí n dìde. Ẹ̀jẹ̀ rẹ ti gbẹ mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láti àyà dé ìbàdí.

Jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo rí lẹ́nu iṣẹ́ tèmi fún ẹ, torí o ò bi mí rí.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n fi ọ̀kadà gbé ọmọkùnrin kan wá sí pàjáwìrì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó dì í mú kó má bàa já bọ́. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn wọlé. Báńdéèjì tí ẹ máa ń wé mọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó wọ ìbọ̀wọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ni mo fi sísọ́ọ̀sì gé e. Ó sọ orúkọ rẹ̀ fún mi, ó sọ ọjọ́ orí rẹ̀, ó ní orí ń fọ́ òun díẹ̀. Kí n tó gé ti ọwọ́ kejì tán, ó ti ń bì. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú rẹ̀: ọmọ ojú ọ̀tún ti fẹ̀ ju ti òsì lọ. Kò dá mi lóhùn mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ìyá rẹ̀ dé láàárọ̀, a ò sì ní ọmọ tá a máa fà lé e lọ́wọ́.

Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ẹ̀ṣẹ́ á mi ọpọlọ nínú agbárí, iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín kan á já, ẹ̀jẹ̀ á wá máa jọ díẹ̀díẹ̀ sáàárín agbárí àti ọpọlọ. Agbárí ò lè fẹ̀, ọpọlọ ló máa gba ìfúnpá náà. Èèyàn á ṣì máa rìn, á máa dáhùn, nígbà tí ikú ti wọlé sí i lára.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò yéé sọ ọ́ ní kọ́rídọ̀: "Nọ́ọ̀sì, rẹfirí bi í léèrè o. Ó ní òun ṣì lè jà."

Àkànní, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò wo ló máa sọ pé òun ò lè jà mọ́? Ṣé ìwọ sọ bẹ́ẹ̀ rí? Má fi ẹnu wọn ṣe ẹlẹ́rìí. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ẹsẹ̀ ló kù. Tí ọ̀kan nínú wọn bá ṣubú tó sì dìde, tó o ti ka ení dé ẹ̀jọ, tó o ń nu ìbọ̀wọ́ rẹ̀ mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ kí ìdọ̀tí ilẹ̀ má bàa ta sójú ẹnì kejì, ìgbà yẹn gan-an ni kó o wò ó. Ní kó rìn wá bá ẹ. Tó bá dúró sójú kan, tó kàn ń mi orí sí ẹ, ó ti dáhùn.

O rántí bá a ṣe bínú lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2019, tí Andy Ruiz gbé Anthony Joshua, ọmọ Ṣágámù wa, ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin ní Madison Square Garden. Ó dìde ní ráńdì keje. Michael Griffin, rẹfirí wọn, bi í bóyá ó fẹ́ jà, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Griffin ní kó bọ́ síwájú, àmọ́ ńṣe ló fara ti okùn ní igun. Griffin dá ìjà dúró, ìwọ lo sì pariwo jù nínú pálọ̀ pé ó ti yá jù. Ikú tó fẹ́ pani tó bá ṣíni ní fìlà, ọpẹ́ là ń dá. Kí ọdún yẹn tó parí, Joshua ti gba bẹ́líìtì rẹ̀ padà lọ́wọ́ Ruiz yìí kan náà ní Saudi Arabia.

Wọ́n máa bú ẹ. Rẹfirí Richard Steele dá ìjà Meldrick Taylor àti Julio César Chávez dúró ní Las Vegas ní 1990 nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá méjì péré kí ráńdì kejìlá parí, tí Taylor sì wà níwájú nínú ìwé adájọ́ méjì nínú mẹ́ta. Taylor dìde lóòótọ́, ṣùgbọ́n Steele bi í léèrè ọ̀rọ̀, kò rí èsì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni èrò fi ń hó lé Steele lórí nítorí ẹ̀. Mo ti wo fídíò náà láìmọye ìgbà. Èmi nọ́ọ̀sì, mi ò ní fún Taylor ní ìṣẹ́jú àáyá méjì yẹn.

Rẹfirí Richard Green ni kì í kúrò lọ́kàn mi. Ní Las Vegas yẹn náà, lóṣù kọkànlá ọdún 1982, òun ló dúró sáàárín Ray Mancini àti Duk Koo Kim, ọmọ Kòríà. Ó dá a dúró ní ráńdì kẹrìnlá, Kim sì kú lọ́jọ́ díẹ̀ sígbà náà. Tìtorí ẹ̀ ni WBC, ọ̀kan lára àwọn àjọ tó ń darí ìjà ẹ̀ṣẹ́ lágbàáyé, fi dín ìjà bẹ́líìtì àgbáyé kù láti ráńdì 15 sí 12. Lóṣù keje ọdún 1983, Green náà kú, wọ́n ní ó fọwọ́ ara rẹ̀ para rẹ̀ ni. Mi ò dá a lẹ́bi. Ohun tí mo fẹ́ kó o gbọ́ ni pé, bó bá ṣẹlẹ̀ pé o ṣe gbogbo ohun tó yẹ, tó sì tún burú, má dá sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Má wulẹ̀ pè. Ilé mi ni kó o máa bọ̀.

Ìtàn Bàbá wa nípa ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1963 ní Liberty Stadium, Ìbàdàn, ò lè sú wa láé. Ó máa fi tìmùtìmù ṣe Gene Fullmer, ará Amẹ́ríkà, òun fúnra rẹ̀ á ṣe Dick Tiger, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ọmọ Nàìjíríà wa. Ó rántí ẹni tó jókòó ní iwájú òun, ó rántí iye tóun wọ mọ́tò. Ṣùgbọ́n ibi tí ìjà náà parí sí, àsárésọ ló máa ń sọ ọ́: pé lẹ́yìn ráńdì keje, àwọn tó wà ní igun Fullmer ní ó tó, wọn ò jẹ́ kó jáde mọ́. Fullmer ò jà mọ́ láyé rẹ̀. Ọdún 2015 ló kú, ó ti pé ẹni ọdún 83.

Mo ti ra ṣẹ́ẹ̀tì méjì fún ẹ, àwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, mo ti lọ̀ wọ́n. Nu ìbọ̀wọ́ wọn mọ́ ọn dáadáa, má bẹ̀rù pé ó máa dọ̀tí. Lọ́jọ́ Àìkú, gbé èyí tó o bá wọ̀ wá fún mi, má fún ìyàwó rẹ, torí omi gbígbóná ló máa fi fọ̀ ọ́. Omi tútù ni wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.