Ẹ má kí ẹni tó ń ka òwú

Manchester,
Ọjọ́ Àìkú, oṣù kọkànlá.

Bàbá mi,

Àsàlámù àlékùm. Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé ní Pàkátà. Ràímì, ìwọ tó ń ka lẹ́tà yìí sí Bàbá létí, mo bẹ̀ ọ́, má fo ibì kankan. Ibi tó bá ta kókó, kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí mo bá ti sọ̀rọ̀ rẹ láìdáa, ka ìyẹn náà.

Bàbá, ọ̀rọ̀ tí a sọ lórí fóònù lọ́jọ́ ọdún kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ ní àwọn àlejò ń bi yín pé kí ni Àdùkẹ́ ń ṣe nílùú òyìnbó, ẹ sì dá wọn lóhùn pé ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Àlhájì tó jókòó tì yín bá gba fóònù lọ́wọ́ yín, ó ní kí n bá òun wo fóònù tòun tí kì í gba iná mọ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní màá ṣàlàyé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì já. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ yìí kò ṣeé ṣàlàyé nígbà tí Màmá ń ti ẹ̀yìn béèrè bóyá mo ti jẹun.

Èmi kì í tún kọ̀ǹpútà ṣe. Àwọn tó ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà ní irinṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní debugger, òun ni mo ń dán wò. Ètò máa ń sáré ju ojú lọ. Bí àléébù bá wà nínú rẹ̀, ibi tó já sí nìkan lèèyàn máa rí, kò ní rí ibi tó ti ṣìnà. Debugger ló máa jẹ́ kí o dá a dúró ní ìlà tí o bá fẹ́, kí o tú ọwọ́ rẹ̀ wò, kí o ní kó gbé ẹsẹ̀ kan, kí o tún tú ọwọ́ rẹ̀ wò. Ẹni tó ń lò ó gbà á gbọ́ bí ẹní gba ẹlẹ́rìí gbọ́. Nítorí náà ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ẹlẹ́rìí yìí kì í purọ́. Ẹni yẹn lèmi.

Bí mo ṣe ń mọ̀ ni pé mo máa ń kọ ètò kéékèèké ní assembly, èdè tó sún mọ́ irin jù lọ. Ìlà kan, iṣẹ́ kan: gbé nọ́ńbà yìí síbí, fi 1 kún un, bó bá di òfo, fò lọ sọ́hùn-ún. Mo ti mọ ohun tí ìlà kọ̀ọ̀kan máa ṣe kó tó ṣe é. Bí debugger bá wá sọ nǹkan mìíràn fún mi, òun ló jẹ̀bi. Tàbí èmi. Ẹ ó gbọ́ tèmi níwájú.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti le ni pé processor, ohun tó ń ronú nínú kọ̀ǹpútà, pín sí ìdílé ìdílé, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló sì ní assembly tirẹ̀. Ẹ rántí ìgbéyàwó àbúrò Màmá ní Òmù-Àrán, tí àwọn ìyá àgbà fi Ìgbómìnà paraku dá àpárá, tí ẹ ń mi orí, tí ẹ ń bá wọn rẹ́rìn-ín, tí ẹ wá bi mí lábẹ́lẹ̀ nínú mọ́tò pé kí ni wọ́n sọ. Ti processor ju ìyẹn lọ, torí pé àwọn kò tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan tó papọ̀. Ìdílé Intel ti wà láti 1978, nígbà tí àkọ́bí rẹ̀, 8086, jáde. ARM jẹ́ ọmọ Cambridge níbí, ní 1985, òun ló sì wà nínú fóònù gbogbo yín. RISC-V ni àbíkẹ́yìn wọn, Yunifásítì Berkeley ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2010, ẹnikẹ́ni ló sì lè ṣe tirẹ̀ láìsan owó àṣẹ. IBM ní tirẹ̀, àwọn ẹ̀rọ ńlá tí àwọn báńkì ń lò. Debugger kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ kó gbọ́ èdè gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan tó máa yé yín wẹ́rẹ́. Ní ilé kéú, ọwọ́ ọ̀tún la ti ń bẹ̀rẹ̀ lórí wàláà. Ní ilé-ìwé, ọwọ́ òsì ni. Kò sí èyí tó ṣàṣìṣe, àmọ́ ègbé ni fún ẹni tó bá gbé wàláà tó ń kà á láti òsì. Bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ńbà tó gba ààyè mẹ́rin nínú kọ̀ǹpútà: Intel ń to ìrù rẹ̀ ṣáájú, IBM ń to orí ṣáájú. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dán debugger wa wò lórí ti IBM, mo fi 1 síbẹ̀, mo ní kó kà á fún mi. Ó ka 16,777,216. Mo gbàdúrà pé kí Ọlọ́hun jẹ́ kí irú ìyẹn ṣẹlẹ̀ sí àkáǹtì mi.

Òmíràn tún wà, MIPS, tó ṣe bí ọlọ́kadà tiwa. Bí o bá pariwo fún ọlọ́kadà pé ó yá, yà síbí, á kọ́kọ́ gbé ọ kọjá òpó iná kan. MIPS náà, bí o bá ní kó yà, ìlà kan tó tẹ̀ lé e ni á kọ́kọ́ ṣe ná. Àwọn tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni o.

Àmọ́ ìdádúró gan-an ló ń gba àkókò mi. Ohun tí debugger ń ṣe láti dá ètò dúró kò yàtọ̀ sí kéèyàn gbé òkúta sójú ọ̀nà. Á yọ ohun tó wà ní ojú kan nínú ètò, á tọ́jú rẹ̀ sápò, á wá fi òkúta dípò rẹ̀. Bí processor bá gbún òkúta yẹn, á dúró, debugger á yọ ọ́, á dá èyí tó tọ́jú padà bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ti Intel kéré, ààyè kan péré ló gbà, nọ́ńbà rẹ̀ ni 204, àmọ́ nígbà tí Intel bá máa dúró, á ti gun orí òkúta kọjá sí òdìkejì, o ní láti fà á sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan. ARM máa ń dúró sójú òkúta gan-an. Ẹni tó bá fi àṣà Intel fa ARM sẹ́yìn, inú kòtò ló fà á sí.

Ti RISC-V ló dùn mí jù. Ìlà rẹ̀ mìíràn gba ààyè mẹ́rin, òmíràn gba méjì, òkúta rẹ̀ náà sì jẹ́ oríṣi méjì. Debugger wa kì í wo ìwọ̀n, èyí tó tóbi ló ń gbé síbi gbogbo. Mo kọ ètò kan tí ìlà kékeré kan wà níwájú ìlà kékeré mìíràn, mo wá jẹ́ kí ètò náà máa fò láti òkèèrè bọ́ sórí ìlà kejì yẹn. Mo gbé òkúta sórí ti àkọ́kọ́. Òkúta tóbi, ó tẹ ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pa, ètò fò wá, ó bọ́ sórí ìdajì òkúta, ó kú. Inú mi dùn débi pé mo dìde lórí àga. Bàbá, iṣẹ́ yìí ni wọ́n ti ń yọ̀ nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́.

Ó wá ku èyí tó dójú tì mí.

Ètò ìlà mẹ́fà péré ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fi 1 kún nọ́ńbà kan tí òṣìṣẹ́ méjì jọ ń lò nínú ẹ̀rọ. Torí pé wọ́n jọ ń lò ó, ARM ní òfin tirẹ̀: mú nọ́ńbà náà, kí ẹ̀rọ sàmì pé ó wà lọ́wọ́ rẹ, fi 1 kún un, dá a padà. Bí wọ́n bá dá ọ lọ́wọ́ kọ́ láàárín mímú àti dídá padà, àmì náà á parẹ́, ẹ̀rọ ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ, wàá lọ mú un látìbẹ̀rẹ̀. Mo ní kí ètò náà máa sáré lọ, ó parí kí n tó ṣẹ́jú. Mo ní kí debugger máa gbé e ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kò parí. Mo fi sílẹ̀ di àárọ̀. Gbogbo òru ló fi ń gbé ẹsẹ̀, òfo ni nọ́ńbà náà wà. Mo gbé ètò kan náà lọ sórí Intel, ó parí wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi bá ẹ̀rọ ARM yẹn jà. Ẹ̀rọ náà kò fẹ̀ ju káàdì ìdìbò yín lọ. Mo pààrọ̀ wáyà iná rẹ̀. Mo kọ̀wé sí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó àwọn ẹ̀rọ pé ó gbé ògbólógbòó fún mi, mo sì jẹ́ kí àwọn mìíràn rí ìwé náà, èyí tí kò yẹ kí n ṣe.

Sátidé inú ọjọ́ mọ́kànlá yẹn, inú bí mi débi pé mo lọ sí ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wọn, torí pé ọ̀fẹ́ ni, ó sì móoru. Wọ́n tún ẹ̀rọ kan kọ́ síbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Baby. Ìlú yìí ni ti àkọ́kọ́ ti ṣiṣẹ́ ní 21 oṣù kẹfà 1948, òun sì ni kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tó tọ́jú ètò rẹ̀ sínú ara rẹ̀. Tom Kilburn ló kọ ètò náà, ìlà 17, ó sì fi ìṣẹ́jú 52 wá nọ́ńbà tó tóbi jù, yàtọ̀ sí òun fúnra rẹ̀, tó lè pín 262,144 láìṣẹ́kù. Bàbá, ìdajì rẹ̀ ni. Ọmọ ilé-ìwé ò ní pẹ́ dáhùn. Wọ́n mọ ìdáhùn tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn fẹ́ kí ẹ̀rọ rìn pẹ́ ni. Ohun tó mú ojú mi ni pé wọn kò nílò debugger: gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ hàn bí àmì iná tó-tò-tó lójú gíláàsì bíi ti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, ìlà 32, wọ́n kàn ń wò ó ni. Mo ṣe ìlara wọn.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá mi, obìnrin àgbà kan tí kì í pariwo, wá dúró lẹ́yìn mi, ó wo ìlà mẹ́fà yẹn fún bí ìṣẹ́jú méjì. Ó ní, “Ìwọ lo ń dí i lọ́wọ́.”

Mi ò ní purọ́ fún yín, kì í ṣe ẹ̀yin ni mo rántí níbẹ̀. Ojú ló tì mí. Ìgbà tí mo délé, tí mo ń se ẹ̀wà, ni mo rántí yín lẹ́bàá èèkàn, tí ẹ ń ta òwú, tí ẹ ń kà á sẹ́nu, tí Màmá rán mi pé kí n gbé ẹ̀kọ wá fún yín. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá.” Ẹ dáhùn, torí pé ẹ ò lè ṣe kí ẹ má dáhùn. Lẹ́yìn náà ẹ mí kanlẹ̀, ẹ padà sí ení, èjì, ẹ̀ta. Ìyá Àgbà kọjá, òun náà kí yín. Ení, èjì, ẹ̀ta. Bí àwa ará ilé bá tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ tí à ń kí yín lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ẹ ò ní ta òwú kan títí di òní, ẹ ò sì ní dúró lẹ́nu iṣẹ́ rárá. Ohun tí mo ń fi ẹ̀rọ yẹn ṣe nìyẹn. Gbogbo ẹsẹ̀ tí mo ní kó gbé, ìkíni ni. Intel kì í rí irú rẹ̀ torí pé ìlà kan ṣoṣo ló fi ń mú nọ́ńbà, tó fi ń kún un, tó fi ń dá a padà. Kò sí àárín tí èèyàn lè gbà kí i.

Àtúnṣe rẹ̀ ò ju ohun tí àwọn ọmọ ìṣọ̀ yín mọ̀ lọ. Debugger ní láti mọ ojú ẹni tó ń kàwú. Bó bá rí ìlà tó ń mú nọ́ńbà lọ́nà yẹn, kó má dúró láàárín mọ́, kó lọ gbé òkúta rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, lẹ́yìn ìlà tó ń dá a padà, kó dúró dè é níbẹ̀. Àwọn tó ṣe é ti fi kún un báyìí. Èmi náà kọ irú ètò yẹn fún RISC-V, torí pé òun náà máa ń kàwú. Mo bẹ ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, lójú àwọn tó rí ìwé mi. Ó ní kò sí wàhálà, àmọ́ kò tíì bá mi pín bisikíìtì láti ìgbà náà.

Ọ̀rọ̀ ilé wá kù. Owó páánù ìṣọ̀ yín ti wà ní àkáǹtì Ràímì láti Ọjọ́bọ̀, àti ti gíláàsì ojú Màmá. Ràímì, Bàbá ti gbọ́ o. Ẹ jẹ́ kí Màmá lọ ṣe àyẹ̀wò ojú náà ní òwúrọ̀, kí ó má jẹ́ ọjọ́ tó fẹ́ lọ sí Ọjà Ọba.

Ọ̀gá mi rí ìborùn òfì tí mo fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó ní òun fẹ́ irú rẹ̀. Ìbú kan ṣoṣo ló fẹ́, bó ṣe ń ti orí òfì bọ̀, kí òun fi dí ọrùn lákòókò òtútù. Mo ní sányán ni, ẹ má fi dúdú sí i. Ẹ má gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ni màá san án. Kò kánjú. Ẹ ta á nígbà tí ilé bá dákẹ́.

Èmi ọmọ yín,
Àdùkẹ́.