Sísáré yípo pápá kò tó

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa l'Ákùúrẹ́ ń fìdí rẹmi, wọ́n sì ń sáré yípo pápá láràárọ̀. Ṣé eré ìje ọlọ́nà jíjìn ni bọ́ọ̀lù ni? Ẹ̀yin akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹ fi kóònù pààlà mítà 30 sí 20, kí ẹni 4 kojú ẹni 4: ìṣẹ́jú 4 tó gbóná janjan, ìsinmi ìṣẹ́jú 3, lẹ́ẹ̀mẹrin. Kí bọ́ọ̀lù púpọ̀ wà létí pápá. Bí wọ́n bá ń dúró de èyí tó bọ́ sóde, ara á tutù, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn.

Kọ́nà, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá láti igun pápá, ló ń dùn mí jù. Níbi ìgbaradì, wọ́n ń gbá a láìsí ẹni tó ń dènà, bí ìgbà téèyàn ń dá ayò ta. Lọ́jọ́ ìdíje, bọ́ọ̀lù ni gbogbo wọn ń wò. Alátakò tó yọ́ wá sí òpó ẹ̀yìn (òpó ilé tó jìnnà sí ẹni tó gbá kọ́nà) a fi orí kàn án wọlé wẹ́rẹ́. Ẹ pín òpó iwájú, àárín àti òpó ẹ̀yìn fún ẹni tó mọ orí í kàn, kí aṣọ́lé máa pariwo.

Tó bá ku ọjọ́ méjì sí ìdíje, ẹ dín iṣẹ́ kù.

Olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù,
Òkè-Àró, Àkúrẹ́