Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ọdún Mélòó Gan-an Ni Màmá Àgbà Lò?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àṣẹ̀yìndè Màmá Àgbà o, ẹ̀yìn wọn á dáa, àmín. Ọ̀rọ̀ tí mo ní lọ́sẹ̀ yìí, orí pósítà ló ti bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ táwọn ọmọ wọn wá sí ọ́fíìsì mi ká lè jọ ṣètò ìsìn, díẹ̀ ló kù kí wọ́n bára wọn jà, àkọ́bí ní 98 ni ká kọ, àbúrò wọn obìnrin ní rárá o, 101 ni, èyí tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé ní 95 ló wà nínú páásípọ́ọ̀tù màmá, mo ní ṣé ẹni tó ṣe páásípọ́ọ̀tù yẹn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí wọn ni? Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ mọ̀ pé láyé ọjọ́un nǹkan tó ṣẹlẹ̀ nílùú ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ka ọdún. Màmá máa ń sọ fún wa pé lọ́jọ́ tí ọ̀sán dòru, táwọn adìyẹ sáré wọlé lọ sùn, oyún àkọ́bí wà níkùn àwọn, ata ni wọ́n ń lọ̀ lọ́wọ́, wọ́n ju ọmọ ọlọ sílẹ̀ wọ́n sá wọ yàrá. Ìyẹn ò le, 20 oṣù karùn-ún 1947 ni òṣùpá dí òòrùn lójú nílẹ̀ wa. Àkọ́bí ọ̀hún sì wà lára àwọn ọmọ tó wọ ilé ìwé ọ̀fẹ́ nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní January 1955, tí màmá rán ṣòkòtò kékeré fún wọn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ọjọ́ orí ọmọ dájú ṣáká. Ti màmá fúnra wọn wá ńkọ́? Béèyàn bá bi wọ́n pé màmá, mélòó lẹ ti pé nígbà tí ọ̀sán dòru, wọ́n á ní "mo ti gbọ́n díẹ̀." Ó parí. 98 la kọ nígbẹ̀yìn, torí àkọ́bí ló sanwó pósítà.

Nígbà tí wọ́n lọ tán ni mo ṣí Bíbélì sí Jẹ́nẹ́sísì orí 23. Nínú gbogbo obìnrin inú Bíbélì tó wà lọ́wọ́ wa, Sárà nìkan ni wọ́n kọ iye ọdún tó lò kó tó kú sílẹ̀ fún, ọdún 127. Wọn ò kọ ti Éfà, wọn ò kọ ti Rèbékà, ti Màríà ìyá Jésù pàápàá ò sí níbẹ̀. (Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní Ánà wòlíì obìnrin ńkọ́, ẹni ọdún 84, ẹ jọ̀ọ́, Ánà ò tíì kú níbẹ̀, ó ṣì ń gbààwẹ̀.) Kí wá ni iṣẹ́ Sárà? Kò jọba, kò jagun, inú àgọ́ ló wà. Nígbà táwọn àlejò mẹ́ta yà lọ́dọ̀ wọn nínú oòrùn láìsọtẹ́lẹ̀, ṣe ni Ábúráhámù sáré wọlé, ó ní tètè, òṣùwọ̀n ìyẹ̀fun mẹ́ta, pò ó, fi ṣe àkàrà. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ ò rí bí àwa ọkọ ṣe máa ń ṣe? Sárà ti ń lọ sí ẹni 90 ọdún nígbà yẹn o, torí 90 ló bí Ísáàkì, ọdún tó tẹ̀ lé e.

Èyí ló mú mi rántí ìgbà tá a gbé màmá lọ sọ́sípítù kan, wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù, ibi tí wọ́n ti bèèrè iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, ọmọ-ọmọ wọn kọ "kò síṣẹ́." Mo gba bírò lọ́wọ́ ẹ̀. Mi ò bínú sí ọmọ náà, àwa la kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, ẹni tí ò níṣọ̀ lọ́jà tí ò sì gbowó oṣù, a ní ó jókòó sílé. Jókòó kẹ̀?

Nígbà tí wọ́n gbé mi wá sí ìjọ yìí, ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, ọmọ ò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì, ìyá mi ti kú, ara ìyá tiẹ̀ ò yá, a ò mọ ẹnì kankan. Ọjọ́ kẹta tá a dé, aago mẹ́fà ò tíì lù, ẹnìkan ń kanlẹ̀kùn, Màmá Àgbà ni, tàwọn ti kànìnkànìn, ọṣẹ dúdú, àdín nínú ìgò kékeré, wọn ò bèèrè nǹkan kan, wọ́n ní omi gbígbóná dà? Ẹ̀rù bà mí o. Wọ́n na ọmọ yẹn lápá lẹ́sẹ̀, wọ́n jù ú sókè wọ́n hán an, mo ní ẹ̀ẹ́ màmá, ẹ rọra, wọ́n ní "Pásítọ̀, ẹ lọ gbàdúrà yín." Wọ́n á wẹ ọmọ tán, wọ́n á dúró ti ìyàwó mi títí tó fi mu ẹ̀kọ gbígbóná tán, wọ́n á wá sáré padà sílé káwọn ará ilé tiwọn tó jí. Ogójì ọjọ́ gbáko, tòjò tòjò. Wọ́n ti lé ní 80 nígbà yẹn!

Tó bá dọ̀sán, ọmọ kan á tún gbé abọ́ dé, ègbo àti ẹ̀wà, ọ̀jọ̀jọ̀, ẹ̀fọ́ rírò tí irú ẹ̀ ń ta sánsán. Mo rò pé àwa nìkan ni. Àfìgbà tó di ọjọ́ ìsìnkú tí akọrin wa kan ní abọ́ yẹn lòun fi gbéra nígbà tí wọ́n dá òun dúró níṣẹ́, mẹ́káníìkì ìsàlẹ̀ àdúgbò tó jẹ́ Mùsùlùmí ní gbogbo ààwẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé ìṣínu ránṣẹ́ sóun, ìyá kan tiẹ̀ dìde, kò lè sọ̀rọ̀, ó kàn padà jókòó.

Mo gbọ́ táwọn kan ń sọ fún àkọ́bí pé ẹ dákẹ́, òkú àgbà ni, ẹ̀yin náà ti di bàbá arúgbó. Òótọ́ ni, a jó, a jẹ, ó yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ ṣírò ẹ̀ wò: Sárà bí Ísáàkì ní 90, ó kú ní 127, Ísáàkì ti pé 37 nìyẹn. Ẹni 40 ló fẹ́ Rèbékà, ìgbà yẹn ni Bíbélì tó sọ pé ó rí ìtùnú lẹ́yìn ikú ìyá ẹ̀. Ọdún mẹ́ta! Wọ́n sì ṣì ń pe àgọ́ yẹn ní àgọ́ Sárà. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí bàbá yẹn lórí àpótí nínú kíṣìnnì màmá, ẹ má lé wọn dìde, ẹ jókòó tì wọ́n. (Ábúráhámù náà sunkún kó tó lọ ra ilẹ̀ ìsìnkú lọ́wọ́ Éfúrónì, 400 ṣékélì fàdákà, owó ọwọ́ ẹ̀ ló sì san, kò yá a. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ yá owó kóópù ra màlúù lọ́jọ́ iwájú, ẹ mọ ara yín.)

Ó wá ku ọ̀rọ̀ abọ́. Àwọn ọmọ ń palẹ̀ kíṣìnnì mọ́, wọ́n ní mẹ́rin péré ló kù nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kúlà ńlá ò sí rárá. Ẹni tí abọ́ màmá bá wà lọ́wọ́ ẹ̀, kó gbé e wá sí ọ́fíìsì ìjọ lẹ́yìn ìsìn Sọ́ńdè, a ò ní bèèrè ìgbà tẹ́ ẹ gbà á. Méjì wà nílé tèmi, màá mú èyí funfun wá, ìyàwó mi ní òun ò dá aláwọ̀ ewé padà.